Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa: bí a kò bá rí òkè Ṣábẹ̀ẹ́, ká má gbéra

Ṣábẹ̀ẹ́, orílẹ̀-èdè Benin, oṣù Bélú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣíwájú wa,

Ẹ kú ìmúra ọyẹ́. Òjò ti dáwọ́ dúró, koríko ẹ̀bá ọ̀nà ti ń gbẹ, ètè àwọn ọmọ iléèwé mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láàárọ̀. Mo mọ̀ pé láìpẹ́ ẹ máa jókòó láti ṣètò ibi tí a ó máa gun kẹ̀kẹ́ lọ ní àárọ̀ Sátidé, láti oṣù Ọ̀pẹ títí wọ Ẹrẹ́nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí kí ẹ tó jókòó. Mo kọ ọ́ síta gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni, àti nítorí pé àwọn òbí kan nínú ìlú ń bi mí bóyá ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn tún bá wa jáde.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ ká fi òkè ìlú wa ṣe adájọ́ ọ̀rọ̀ ọyẹ́. Ní àárọ̀ tí a bá dúró síwájú ibùdó rélùwéè tí a kò rí òkè, ká padà sílé. Kí ìpinnu náà má wá láti orí fóònù, kó má sì wá láti ẹnu ẹnikẹ́ni nínú yín tàbí nínú wa.

Ẹ óò rántí Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá. Lálẹ́ Jímọ̀, iṣẹ́ dé sórí fóònù gbogbo wa pé ojú ọ̀run mọ́, pé Glazoué là ń lọ, ká pàdé ní aago mẹ́fà kí oòrùn má baà mú wa lọ́nà. Mo jáde sí àgbàlá láti wò ó fúnra mi. Ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún wa. Ní aago mẹ́fà, àwa mọ́kànlélógún gbéra nínú òkùnkùn, nítorí pé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, oòrùn kì í yọ nílùú wa kí aago méje tó lù. A rò pé òkùnkùn lásán là ń là kọjá. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tán, tó yẹ ká máa rí ojú ara wa, la tó mọ̀ pé eruku ni. Ẹni tó wà níwájú mi, tí àárín wa kò ju ìwọ̀n ilé mẹ́rin lọ, kọ́kọ́ dà bí òjìji, lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́. Ohùn la fi ń mọ ibi tí ẹnìkejì wà. Àwọn àjàgbé tó ń ti Parakou bọ̀ tan iná wọn, ṣùgbọ́n iná náà kì í hàn títí wọ́n fi máa ń dé ẹ̀yìn wa. Kí a tó dé afárá odò Wémẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kọjá nítòsí wa tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn rẹ̀ fi gbá ọmọ tó kéré jù nínú wa kúrò lórí ọ̀dà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Etí títì ga níbẹ̀, ó ṣubú sí ìsàlẹ̀, eegun èjìká rẹ̀ dá. Àwọn tó wà níwájú pátápátá kò mọ̀. Wọ́n ti gùn tó kìlómítà méjì kí ẹnìkan tó sáré lé wọn bá. Mo rántí bí a ṣe jókòó tì í lẹ́bàá ọ̀nà, tí a ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé e padà, tó ń gbọ̀n, tí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun bíi ti arúgbó. Ara rẹ̀ ti yá báyìí. Ìyá rẹ̀ ti ta kẹ̀kẹ́ náà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ fagi lé ìrìn wa láti alẹ́ Jímọ̀. Ẹ kò ṣe àìdáa, àyà gbogbo wa ló ń já. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ náà mọ́ kedere, òkè hàn láti ìdí dé orí, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sán. Ìyá tó máa ń gún iyán fún wa lójú ọ̀nà Kaboua ti bẹ iṣu, ó ti ra wàrà, ó ti dáná. Kò sẹ́ni tó rántí láti ránṣẹ́ sí i. Àwọn kan nínú wa bínú, wọ́n dá gùn lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rọ̀ yín kò wọ ẹnikẹ́ni létí mọ́. Ẹ ní ká wá, ìdajì wá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìyẹn, ẹ ní ká má wá, ẹni mẹ́rin ṣì gbé kẹ̀kẹ́ jáde, wọ́n ní wọ́n mọ ojú ọjọ́ ju fóònù lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọyẹ́ yóò wá, ọyẹ́ yóò lọ, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kò bá gba ohùn olórí rẹ̀ gbọ́ mọ́, ọjọ́ tí ewu bá dé ní tòótọ́, kò sí ohun tí a ó fi pè wọ́n padà.

Àwọn àgbà wa sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la lè má rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa difá ọrọọrún. Ọrọọrún ni wọ́n wí. Wọn kò ní kó dá a lẹ́ẹ̀kan kó fi ṣe ti oṣù. Ohun tí a ṣe nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni pé a dá a lálẹ́, a sì kọ̀ láti tún un dá láàárọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí nípa ọyẹ́, nítorí mo fẹ́ mọ ìdí tí alẹ́ fi ń tàn wá. Eruku yìí kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé wa. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti ibi kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Chad. Ilẹ̀ tó jin ni. Láyé àtijọ́, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan ni, kí omi rẹ̀ tó gbẹ. Òkè Tibesti wà lápá kan, òkè Ennedi wà lápá kejì. Atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti àríwá ìlà oòrùn ń gba àárín òkè méjèèjì, ọ̀nà há mọ́ ọn, ó sì ń yára, bí omi ṣe máa ń yára nígbà tí a bá fọwọ́ dí ẹnu rọ́bà díẹ̀. Ó ń gbọ́n ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ adágún náà sókè, ìyẹ̀fun tó jẹ́ ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tó ti gbé inú omi náà rí, ó sì ń gbé e bọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, ìràwọ̀ tí mo rí lálẹ́ Jímọ̀ yẹn kò purọ́, ibi tí ó mọ̀ ló sọ. Eruku ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà náà.

Fóònù ńkọ́? Àwọn áàpù ojú ọjọ́ tó wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wa ń ro òjò, ìkúùkuu, ooru àti atẹ́gùn. Wọn kì í sábà ro eruku. Ọjọ́ tí kò bá ti sí òjò, tí ìkúùkuu kò sì sí, àwòrán oòrùn ni wọ́n máa gbé síbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹni tó dúró sí ìta kò rí ilé kejì. Àwòrán oòrùn yẹn ni ẹni tó ránṣẹ́ sí wa rí, ẹnikẹ́ni ì bá sì gbà á gbọ́. Ibùdó kan wà ní Barcelona, ní ilẹ̀ Spain, tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ eruku lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí iwájú, ó sì kan apá ọ̀dọ̀ wa. Ó dára ká máa wò ó láti Ọjọ́bọ̀, kí á lè mọ̀ bóyá eruku ńlá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n agbègbè ńlá ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kò lè sọ fún wa bóyá ẹni tó wà lórí afárá Wémẹ̀ yóò rí iwájú rẹ̀ ní aago méje àbọ̀.

Ibi tí ìlú wa wà tún dá kún un. Atẹ́gùn tútù òkun ń ti gúúsù wá, ọyẹ́ ń ti àríwá wá, ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ bá lágbára, ó lè lé atẹ́gùn òkun dé etí omi ní Kútọnu. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, atẹ́gùn òkun lè tún gòkè wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kùrukùru máa ń bo ojú odò ní ìdájí. Bí oṣù Èrèlé bá sì ń parí lọ, òjò àkọ́rọ̀ lè dé lọ́sàn-án láìrò tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìjì. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ nínú àkọ́rọ̀ mọ bí ọ̀dà ṣe máa ń yọ̀, nígbà tí omi bá kọ́kọ́ pàdé eruku àti epo ọkọ̀ tó ti kó jọ láti oṣù mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìyàtọ̀ kùrukùru àti eruku, nítorí mo ti rí i pé a máa ń pè wọ́n pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwà wọn kò jọra rárá. Àwọn méjèèjì ló ń fi funfun bo ọ̀nà láàárọ̀. Ṣùgbọ́n fi ọwọ́ kan irin kẹ̀kẹ́ rẹ. Bó bá tutù tó sì ní ìrì, kùrukùru ni, oòrùn yóò sì tú u ká. Ẹni tó bá lè ní sùúrù títí di aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án yóò rí ọ̀nà. Bí irin bá gbẹ, tí ìka rẹ sì fi àmì sílẹ̀ lára rẹ̀, eruku ni, sùúrù kò sì ràn án. Ó tilẹ̀ lè burú sí i. Lóru, ilẹ̀ máa ń tutù, atẹ́gùn ọyẹ́ á máa sáré lókè láìkan ilẹ̀. Bí oòrùn bá wá mú ilẹ̀ gbóná, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, atẹ́gùn òkè náà á bọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àárọ̀ fi lè parọ́rọ́, kí ọwọ́ wa wá máa gbọ̀n lórí kẹ̀kẹ́ ní aago mẹ́wàá. Ẹ ti rí i, ẹ kàn lè má tíì ro ó pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo padà sórí òkè.

Ṣábẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú mẹ́fà ní orílẹ̀-èdè Benin tí ibùdó ńlá ìwòye ojú ọjọ́ wà. Àwọn márùn-ún yòókù ni Kútọnu, Bohicon, Parakou, Natitingou àti Kandi. Ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo láyé fi ń mọ bí ojú ṣe ń ríran jìnnà tó kò le rárá. Wọ́n á yan ohun tó dúró sójú kan, igi ńlá, òpó, ilé gíga tàbí òkè, tí wọ́n mọ iye kìlómítà tó wà láàárín wọn. Wọ́n á wò ó. Bó bá hàn, ojú ń ríran dé ibẹ̀. Bí kò bá hàn, kò ríran dé ibẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí, ó ṣe mí bíi pé kí n sunkún. Ìlú mélòó ni Ọlọ́run fún ní irú òkè tí ó fún wa, tí ó dúró síta gbangba, àpáta dúdú ńlá tí àlejò ń rí kó tó wọ̀lú? Orí òkè yìí làwọn baba wa sá sí nígbà tí ogun Dàhòmì ń dà wọ́n láàmú. Àwa tí a jẹ́ ọmọ wọn wá ń fi àwòrán inú fóònù pinnu bóyá ilẹ̀ mọ́.

Bí mo ṣe rò pé a lè ṣe é nìyí. Lálẹ́ Jímọ̀, kí ẹ má sọ pé a ń lọ, kí ẹ má sì sọ pé a kò lọ. Kí iṣẹ́ yín máa sọ ibi tí a fẹ́ lọ bí òkè bá hàn, àti ibi tí a ó lọ bí kò bá hàn dáadáa. Ká pàdé síwájú ibùdó rélùwéè ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ, ká sì kọjú sí òkè tó sún mọ́ wa jù. Bí a bá lè rí igi tó hù sí àárín àpáta rẹ̀, a ń lọ ọ̀nà jíjìn. Bó bá jẹ́ pé òjìji òkè nìkan la rí, tí igi kò hàn, a ó gun ọ̀nà abúlé ilẹ̀ pupa tí àjàgbé kì í gbà, wákàtí kan péré, láìfi ẹsẹ̀ kan títì ńlá. Bí a kò bá rí òkè, ká kí ara wa, ká mu ẹ̀kọ gbígbóná lọ́dọ̀ ìyá tó ń tà á níwájú ibùdó, ká padà sílé. Ọmọ ọdún méje lè ṣe ìdájọ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ẹ: kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn, kò sì sẹ́ni tí yóò di ẹlẹ́bi bí ojú ọjọ́ bá yí padà ní aago mẹ́jọ.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé bí a bá dúró di aago méje àbọ̀ kí a tó gbéra, oòrùn yóò pa wá lójú ọ̀nà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, n kò ní gbà á fún ara mi. Ṣùgbọ́n láti Ọ̀pẹ sí ìbẹ̀rẹ̀ Èrèlé, ìgbà tí ọyẹ́ bá ń mú, òtútù ló máa ń kọ́kọ́ bá wa jà. Ní ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ohun ìwọn ooru tí mo gbé kọ́ sí ògiri kíláàsì mi wà ní 18 lórí ìwọ̀n Celsius ní aago méje. Ẹ jẹ́ ká gé ọ̀nà náà kúrú. Kìlómítà márùndínlógójì tí gbogbo wa bá padà dé láyọ̀ tó mi.

Kí ọ̀nà ọ̀hún sì máa kọjú sí àríwá. Àríwá ìlà oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́. Bí a bá lọ sí apá Glazoué, ọyẹ́ á tì wá lẹ́yìn nígbà àlọ, gbogbo wa á máa fò bí ẹyẹ, a ó rò pé agbára wa ni. Nígbà àbọ̀, tó ti rẹ̀ wá, tí atẹ́gùn òkè ti bọ́ sílẹ̀, tí ètè ti ya, ìgbà náà la ó wá máa kọjú jà á. Àwọn ọmọ tuntun máa ń já sẹ́yìn níbẹ̀, wọ́n á dá wà lójú títì. Bí a bá kọ́kọ́ gba ọ̀nà Kaboua tàbí ti Kilibo, a ó fi agbára òwúrọ̀ kojú ọyẹ́, òun náà á sì tì wá bọ̀ sílé. Ẹni tó bá rẹ̀ lójú ọ̀nà kàn lè yí kẹ̀kẹ́ padà, atẹ́gùn á gbé e. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, bí ẹ bá gba ti òkè tí ẹ sì gba ti atẹ́gùn yìí, inú mi ti dùn.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ó sì ń bá àwọn kan gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà ọ̀gìnnìtìn wọn, nítorí mo rò pé òtútù tó ń sọ omi di yìnyín yóò ti fi òpin sí gbogbo rẹ̀. Ó ní rárá, wọ́n ń gùn. Kì í ṣe òtútù fúnra rẹ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọjọ́ tí ooru bá wà ní 0, ẹni tó ń gùn ní kìlómítà 25 ní wákàtí kan yóò rí i lára rẹ̀ bíi pé ó ti wà ní nǹkan bíi 6 sí ìsàlẹ̀ 0, ṣùgbọ́n aṣọ lè bójú tó ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni yìnyín pẹlẹbẹ tí ojú kì í rí lórí ọ̀dà. Ó ní orí afárá ló kọ́kọ́ máa ń dì, nítorí afẹ́fẹ́ tútù ń gba òkè rẹ̀, ó sì ń gba abẹ́ rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ títì yòókù ṣì ní ooru díẹ̀ nínú. Afárá ni tiwọn náà! Àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ wọn dára ju tiwa lọ fíìfíì, síbẹ̀ wọn kì í fọkàn tán an títí dé ìparí. Wọ́n ń sọ èrò wọn lálẹ́, wọ́n sì ń tún un wò láàárọ̀, ẹnì kan nínú wọn á fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀dà iwájú ilé rẹ̀ wò. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n bá sì yàn gbọ́dọ̀ ní ibi mẹ́ta tí ènìyàn lè yà sí kó padà sílé. Mo fẹ́ ká gba èyí lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ní ibi tí a ti lè yà.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tí ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn méjì wà nínú wa tó ní ikọ́ fée, ọ̀kan sì wà tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n sọ fún mi, n kò ní dárúkọ wọn. Eruku ọyẹ́ ń jí ikọ́ fée. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, òtútù àti àìmu omi tó lè mú kí ìrora dé sí i lójijì. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ débi pé òógùn kì í dúró lára. Omi ń jáde lára wa, a kò sì mọ̀, òùngbẹ kì í sì í tètè kìlọ̀. Ìbòmú aṣọ tí a ń so, iyanrìn ló ń dí, ìyẹ̀fun tín-ín-tín ń gba inú rẹ̀ kọjá dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìbòmú FFP2 ń dí púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti mí nínú rẹ̀ nígbà tí a bá ń gun òkè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé ọjọ́ tí òjìji òkè nìkan bá hàn, kí olórí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú gbogbo wa pé ẹni tí kò bá fẹ́ gùn lónìí, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn gùn nítorí pé wọ́n pè é ní ọ̀lẹ. Mo wà níbẹ̀, n kò sì sọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ìyá oníyán náà, mo ti lọ kí i. Kò bínú, bí ìyá ṣe máa ń ṣe, ó kàn ní wọ́n fi iyán náà fún àwọn ará ilé àti ewúrẹ́. Àwa mẹ́rìnlélógún la wà lórí ìwé báyìí. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń san igba sẹ́fà ní alẹ́ Jímọ̀, ìbáà jẹ́ pé a lọ tàbí a kò lọ, owó iṣu àti wàrà rẹ̀ kò ní ṣòfò. Ká sì máa pè é ní aago méje àbọ̀, gbàrà tí òkè bá ti sọ tirẹ̀. Iyán kì í pẹ́ gún. Kó má gún un kí a tó pè é.

Lórí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi. Iná pupa lẹ́yìn gbogbo kẹ̀kẹ́, iná funfun níwájú, kò sí ìyọ̀ǹda fún ẹni tí kò bá ní. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe méjì méjì, ní ọjọ́ òjìji. Kí ẹni tó dàgbà tó sì mọ ọ̀nà wà lẹ́yìn pátápátá, kí ó ní fèrè, kí fèrè rẹ̀ sì ju ti ẹni iwájú lọ: bó bá fọn ọ́n, gbogbo wa dúró. Kí àwọn ọmọ sì dín epo tí wọ́n ń ta sí ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ kù lásìkò yìí. Eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń di ẹrẹ̀ dúdú, ó sì ń jẹ eyín irin.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, n kò kọ èyí láti gba ipò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ fà mí jáde nílé lẹ́yìn ikú ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ fi kẹ̀kẹ́ àlòkù yín kan kọ́ mi bí mo ṣe lè gun ọ̀nà jíjìn, n kò sì ní gbàgbé. Mo fẹ́ kí ọmọ tí eegun rẹ̀ dá yẹn lè tún máa bá wa gùn. Mo ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí pé, "Ta ni yóò sọ pé kí wọ́n padà?" Mo sọ fún un pé òkè ni. Ó wò mí títí, ó ní òun yóò wá wò ó fúnra òun.

Nítorí náà, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Ọ̀pẹ, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èmi àti ìyá náà yóò wà níwájú ibùdó rélùwéè. Mo ti ra ìwé kékeré kan tí mo fẹ́ máa kọ ohun tí a bá rí sí: igi, òjìji, tàbí òfo, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Bí ẹ bá ti dé kí a tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè wá.

Èmi ni àbúrò yín, olùkọ́ tó máa ń gùn lẹ́yìn.